Ta Lẹ Fẹ́ Tajà Fún?

Ẹ ṣí status WhatsApp ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń tajà láti Òmù-Àrán, bàtà obìnrin lẹ ó kọ́kọ́ rí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, irun àtọwọ́dá ló kàn. Lẹ́yìn ìyẹn, páwà báǹkì, ìkòkò ìdáná, dátà ẹ̀dínwó, ọṣẹ ìwẹ̀, léèsì, aṣọ ọmọdé. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa wò ó tán, ẹ ó rí i pé ó tún ń gba iṣẹ́ puff-puff àti sàmósà fún ìnáwó. Ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń dá oníbàárà lóhùn títí di òru, kò sì sí ọjọ́ tí kì í gbé ọjà tuntun sókè. Ṣùgbọ́n ẹ bi í pé àwọn wo ló rajà lọ́wọ́ rẹ̀ lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá ìyá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló máa dárúkọ.

Ibi tó ti rí àṣà yìí kọ́ kò jìnnà: ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì ni. Ìyá tó ń tajà níwájú ilé rẹ̀ ní Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́ ń ta iyọ̀, máàgì, ìṣáná, àbẹ́là, bisikíìtì, ìwé ìkọ̀wé àti Panadol lórí tábìlì kan náà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ kò pọ̀, àdúgbò kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, kò sì sẹ́ni tó máa wọ mọ́tò lọ sí Ìlọrin nítorí àbẹ́là. Torí pé ó sún mọ́ wọn gan-an ni wọ́n ṣe ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí oníbàárà bá ti kéré, tí wọn kò sì rí ibòmíràn lọ, ó dáa kí ọjà jẹ́ oríṣiríṣi.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ yí padà. Oníbàárà ibẹ̀ kò lóǹkà, ṣùgbọ́n ìkankan nínú wọn kì í gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yín kọjá. Ohun tí ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Àbújá ń wá ló máa tẹ̀ sínú fóònù, yóò sì rí tiyín pẹ̀lú ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń ta gbogbo nǹkan kò ní jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa rántí fún ohunkóhun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìpolówó orí Facebook: kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ yín, wọ́n á bi yín pé ìlú wo, ọjọ́ orí wo, kí ló máa ń wu àwọn tí ẹ fẹ́ tajà fún. Ẹni tó ń ta bàtà, dátà àti sàmósà pọ̀, kí ló fẹ́ fi dáhùn?

Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká ṣírò bàtà yẹn wò. Ọjà Balógun ní Èkó ló ti wá. Wọ́n san owó wébíìlì lé e lórí kó tó dé gáràjì Òmù-Àrán. Bí ará Èkó bá wá rà á, yóò tún san owó wébíìlì mìíràn kí bàtà tó padà sí Èkó tó ti wá. Ẹni tó wà ní Balógun fúnra rẹ̀, fóònù wà lọ́wọ́ tiẹ̀ náà. Ẹ̀dínwó wo lẹ fẹ́ fi borí rẹ̀ tí ẹ ó ṣì rí nǹkan jẹ?

N kò sọ pé kí ará Òmù-Àrán má ta bàtà o. Bí ó bá sọ pé bàtà àwọn obìnrin tí ẹsẹ̀ wọn tóbi, láti 43 sókè, ni òun ń tà, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn nìyẹn. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ti rìn káàkiri ọjà tó rẹ̀ ẹ́, ó ti ra ti ọkùnrin wọ̀ nígbà mìíràn. Bó bá rí ẹnì kan ṣoṣo tó máa ń ní nọ́ńbà ẹsẹ̀ òun nígbà gbogbo, kò ní wo ti wébíìlì, yóò sì sọ fún àbúrò rẹ̀ tí ẹsẹ̀ tiẹ̀ náà tóbi. Bàtà kan náà ni. Ẹni tí wọ́n ń tà á fún ló yàtọ̀.

Àwọn kan á ní: Amazon ńkọ́? Ṣebí gbogbo nǹkan ló ń tà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìwé nìkan ló ń tà nígbà tó ṣílẹ̀kùn lọ́dún 1995. Konga tiwa, tí Sim Shagaya dá sílẹ̀ lọ́dún 2012, nǹkan ọmọ ọwọ́, ìṣaralóge àti ìtọ́jú ara ló fi bẹ̀rẹ̀, Èkó nìkan ló sì ń gbé e lọ fún oṣù díẹ̀ kó tó di ti gbogbo Nàìjíríà. Èyí tó wù mí jù nínú wọn ni iROKOtv tí Jason Njoku àti ẹnì kejì rẹ̀ gbé jáde lọ́dún 2011. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni du fíìmù Hollywood. Nollywood ni wọ́n mú, àwọn tí wọ́n sì ń rò ni ọmọ Nàìjíríà tó wà lókè òkun, tí àárò ilé ń sọ, tí kò rí fíìmù ilé rà ní tòsí. Àwọn tí wọ́n fẹ́ tà á fún ni wọ́n kọ́kọ́ mọ̀.

Kí la tilẹ̀ ń wá lọ sí Amẹ́ríkà, nígbà tí Èsìẹ́ wà nítòsí? Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1945, ni àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà. Ti Onikan ní Èkó kò dé títí di 1957. Ère òkúta tó ju 800 lọ ló gbé ìlú náà yọ: ọkùnrin àti obìnrin tó jókòó lórí àpótí, irun dídì, àwọn kan mú àdá lọ́wọ́. Láti ìgbà tí H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, ti kéde wọn fún aráyé lọ́dún 1933 ni àwọn onímọ̀ ti ń ti ilẹ̀ òkèèrè wá wò wọ́n. Èsìẹ́ kò tóbi tó Ìlọrin, kò ní pápákọ̀ òfúrufú. Ohun kan ló ní tí irú rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níbòmíràn nílẹ̀ Yorùbá.

Ẹ wo Yunifásítì Landmark náà. Ìjọ tí Bíṣọ́ọ̀bù David Oyedepo, ọmọ Òmù-Àrán, ń darí ti ní Yunifásítì Covenant ní Ọ̀tà láti 2002. Nígbà tí wọ́n dá Landmark sílẹ̀ ní Òmù-Àrán lọ́dún 2011, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àmì rẹ̀, nílẹ̀ tí iṣu àti àgbàdo ti ń ṣe dáadáa. Wọn ò dá Covenant kejì sílẹ̀.

Kí wá ni ọmọ Ìgbómìnà láti Òmù-Àrán tàbí Èsìẹ́ lè tà tí ará Balógun kò ní lè rọ́ ọ sẹ́yìn? Èlùbọ́ wà, kaṣú wà, epo wà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká mú irú, ó ṣe tán, kò sí ẹni tí kò mọ òórùn rẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni irú ṣíṣe. Àwọn ìyá tó ń ṣe é á se hóró irúgbá mọ́jú kó tó rọ̀, wọ́n á gún un tàbí kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo lè bọ́, wọ́n á fi omi púpọ̀ ṣàn án, wọ́n á tún un sè, wọ́n á wá bò ó mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Èyí tó bá dúró ní hóró hóró ni woro. Èyí tí wọ́n bá sè rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pẹ̀tẹ̀. Ẹni tó dàgbà sídìí iṣẹ́ yìí mọ èyí tó dáa látojú, kó tó fi í sẹ́nu. Ìmọ̀ yẹn, ẹni tó ń tún irú rà tà ní Èkó kò ní in.

Síbẹ̀, kí èèyàn kọ “irú wà o” kò tíì tó. Ta lẹ fẹ́ tà á fún? Olóúnjẹ òde ní Èkó fẹ́ èyí tó pọ̀, kó máa dé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó sì dín lówó. Ọmọge tó ń gbé yàrá kan ní Àbújá fẹ́ ìwọ̀nba tó máa tó ìkòkò ọbẹ̀ kan, kí fìríìjì rẹ̀ má baà rùn. Ìdílé tó ń múra fún ìrìnàjò sí London fẹ́ èyí tó gbẹ dáadáa, tí wọ́n dì pa pátápátá, kí òórùn má baà wọ aṣọ inú àpótí. Ẹni mẹ́ta nìyẹn, iye owó wọn yàtọ̀, bí a ṣe ń di ọjà wọn yàtọ̀, ọ̀rọ̀ tí a ó fi pè wọ́n pàápàá yàtọ̀. Ẹ mú ọ̀kan.

Bí èmi bá ń gba ẹnì kan nímọ̀ràn, ti ìdílé tó ń lọ sí London yẹn ni mo máa ní kó mú, torí pé wọn kò fẹ́ gbọ́ àṣìṣe rárá, wọ́n sì ṣe tán láti sanwó kí irú má baà dójú tì wọ́n. Ohun tó ń dùn wọ́n jù kò ju iyanrìn lọ, òkúta wẹ́wẹ́ tó ń dúró sí eyín nígbà tí ẹnu bá ti gbádùn ọbẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ya fọ́tò irú nínú ọ̀rá. Ẹ da irú sínú abọ́ funfun, ẹ da omi sí i, ẹ fọwọ́ rò ó, kí ẹ gbé fídíò rẹ̀ sókè kí wọ́n rí ìdí abọ́ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Oníbàárà á béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó máa lè lo oṣù kan láìbàjẹ́?” Ẹni tó ń ta irú nìkan á ti gbọ́ ìbéèrè yìí títí, á ti dán an wò nílé, ìdáhùn á ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó tún ń ta páwà báǹkì á ní kó jẹ́ kí òun wádìí.

Nígbà tí ọjà bá wá dàgbà, òfin á dé. Oúnjẹ tí a bá dì, tí a sì lẹ orúkọ mọ́, àjọ NAFDAC tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ló ń fún un níwèé àṣẹ. Gbígbé e lọ sókè òkun lọ́pọ̀ yanturu ju ọ̀rọ̀ àpótí ìrìnàjò lọ. Láti 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ta ọjà kan ṣoṣo ní ìwé àṣẹ ọjà kan ṣoṣo láti lépa, èyí sì jẹ́ àǹfààní tí àwọn èèyàn kì í rò.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á rán mi létí pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ gba Instagram, ẹ gba WhatsApp, ẹ gba gáràjì, ẹ gba ẹnu àwọn àǹtí yín tó wà nílùú òyìnbó. Ọ̀nà ni gbogbo ìyẹn, wọ́n lè pọ̀ bó ti wù wọ́n. Ohun tí mo ń sọ ni ẹrù tí ẹ rù dé ọjà.

Ewu kan wà nínú yíyàn náà: ó lè há jù. Ẹni tó bá ní àfarawé ère Èsìẹ́ nìkan ni òun á máa gbẹ́ tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, iye tó máa tà lọ́dún lè má tó owó ilé. (Àfarawé ni mo wí o, òfin ti de kíkó ojúlówó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde láìgba ìwé àṣẹ.) Nítorí náà, ẹ má kó owó àjọ lé e kí ẹ tó dán an wò. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá béèrè ọjà náà sínú ìwé kan, ẹ ya àwọn mọ̀lẹ́bí yín sọ́tọ̀, ẹ wo àwọn tó sanwó kí ọjà tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí bá ń pa dà wá rà lẹ́ẹ̀kejì, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ yí àwọn tí ẹ ń tà á fún padà, kí ẹ tó yí ọjà padà.

Ó ku àwọn ìyá onírú fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní dáwọ́ lé ọ̀rọ̀ fídíò, kò sì pọn dandan. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé irú wọn sórí fóònù, ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bi wọ́n ní èló ni kóńgò kan, ẹ sọ fún wọn iye tí ẹ fẹ́ tà á láìfi pamọ́, kí ẹ jọ fẹnu kò lórí ohun tí yóò tọ́ sí wọn bí irú bá gbówó lórí ní Èkó. Ìyá tó bá rí èrè tirẹ̀ nínú rẹ̀ ni yóò fọ irú yín lẹ́ẹ̀mẹ́rin dípò ẹ̀ẹ̀mejì.