Àtẹ̀gùn Tí Ó Dúró Ṣánṣán

 

Ìyá kan kọ ìwé sí mi láti Èkó. Ó ní ọkọ òun ra ìdajì pulọ́ọ̀tì, ó sì fẹ́ kọ́ pálọ̀ àti ilé ìdáná sí ìsàlẹ̀, kí ó kọ́ yàrá méjì lé wọn lórí. Gbogbo ìyẹn dára lójú òun. Ṣùgbọ́n ọkọ yìí rí àwòrán àtẹ̀gùn kan tí ó dúró ṣánṣán bí àkàbà tí a fi ti ògiri, irú èyí tí wọ́n ń ṣe sí àwọn ilé kéékèèké ní òkè òkun, ó sì ti pinnu pé irú rẹ̀ ni òun yóò ṣe kí pálọ̀ lè fẹ̀. Ìyá yìí ní nígbà tí òun sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, èsì tí òun gbà ni pé obìnrin a máa bẹ̀rù ohun tí kò tíì rí. Ó ní kí n bá wọn dá sí i.

Màmá, mo gbọ́. Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà yìí, mo ti gba ibẹ̀ kọjá, mo sì mọ ibi tí kòtò wà.

Nígbà tí mo kọ́ ilé tèmi, ilẹ̀ kò tó. Káfíńtà sọ fún mi pé àtẹ̀gùn tí ó bá lọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yóò jẹ ìdajì pálọ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá dúró ṣánṣán, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn lásán ni yóò wà. Inú mi dùn. Ẹ má gbàgbé pé ladani ni mí. Kí iná mànàmáná àti gbohùngbohùn tó dé mọ́ṣáláṣí wa, ọdún 11 ni mo fi ń gun ilé gogoro lọ pe ìrun ní kùtùkùtù, nínú òkùnkùn, lórí àtẹ̀gùn tí ó lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Mo ní kí ni àtẹ̀gùn káfíńtà yóò fi mí ṣe? Ohun tí n kò rò ni pé ọwọ́ òfìfo ni mo fi ń gun ilé gogoro. Yàtọ̀ sí tẹ̀sùbáà mi, n kì í gbé nǹkan kan.

Ìyàwó mi wo àtẹ̀gùn náà nígbà tí a parí rẹ̀. Ó ní, "Ó dára, Bàbá Sàfíyà." Ó kàn sọ bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tí ó bí ọmọ wa kejì, ìyá mi wá fún ìkómọ. Ó gun òkè lọ wo ọmọ tuntun. Gígùn kò ni í lára púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fẹ́ sọ̀kalẹ̀, ó dúró lókè, ó wo ìsàlẹ̀, ó padà lọ jókòó. Ó tún dìde, ó tún padà. A ní kí ó kọjú sí àtẹ̀gùn, kí ó máa fi ẹ̀yìn bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, òun kò fi ẹ̀yìn rìn rí. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá mi lò lókè. Oúnjẹ ń lọ bá a níbẹ̀, omi àlùwàlá ń lọ bá a níbẹ̀, àwọn àlejò ń dúró ní ìta kí i, òun náà ń yọjú láti fèrèsé dá wọn lóhùn. Ní ọjọ́ kẹta ó pè mí, ó ní, "Àkànní, ṣé ilé ni o kọ́ ni, àbí ọgbà ẹ̀wọ̀n ni o kọ́ sókè fún mi?" Èmi àti àbúrò mi ni a mú un sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, òógùn sì bò wá.

Ìgbà náà ni mo tó bi ara mi léèrè pé ta ni ó ti ń gbé oúnjẹ àti omi wọ̀nyẹn gòkè fún ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó mi ni, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ní ọjọ́ Sátidé kan lẹ́yìn ìyẹn mo jókòó sí pálọ̀, mo mú tẹ̀sùbáà mi lọ́wọ́. Bí ìyàwó mi bá ti gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan, mo tari ẹyọ kan. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹyọ 23 ni mo ti tari fún un. Tèmi jẹ́ 2. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀, bẹ́sìn aṣọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan, ó sì ń fi ọwọ́ kejì ká ìró sókè kí ẹsẹ̀ lè rí àyè gbé. Ọwọ́ wo ni ó kù tí yóò fi di àtẹ̀gùn mú? Ojú tì mí. Ẹni tí ó sọ pé ó dára ti ń gbé àìdára rẹ̀ gòkè lójoojúmọ́, èmi kò sì rí i, nítorí pé àárọ̀ ni mo ń sọ̀kalẹ̀, alẹ́ ni mo ń gòkè.

Kì í ṣe èmi nìkan ni irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Thomas Jefferson, tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1801 sí 1809, fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán ilé rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Monticello, ní Virginia. Ilé ńlá ni, kì í ṣe ilé tálákà, ṣùgbọ́n ó gbà pé àtẹ̀gùn fífẹ̀ ń fi àyè ṣòfò. Ó ṣe àtẹ̀gùn tóóró méjì tí ó dúró ṣánṣán, tí ìbú wọn kò ju ínṣì 24 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: ìsàlẹ̀ ni yàrá tirẹ̀ wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Martha, àti àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń sùn lókè, àwọn tí ó fi ṣe ẹrú ni wọ́n sì ń gbé ohun tí ilé ń lò gòkè sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí ó ya àtẹ̀gùn kọ́ ni ó ń gùn ún. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, mo sì tún dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wọn ọ̀rọ̀ náà báyìí, kí Bàbá má ṣe rò pé mo kàn ń gbè sẹ́yìn obìnrin. Bí òkè bá ga sí ìsàlẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 9, àtẹ̀gùn tí ó rọrùn yóò gòkè ní ìgbà 15, ínṣì 7 àti díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Yóò ní ìtẹ̀sẹ̀ 14, èyíinì ni ibi tí à ń gbé ẹsẹ̀ lé. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ínṣì 10, gbogbo rẹ̀ yóò nà ní ilẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 11 àti ínṣì 8. Èyí tí ó dúró ṣánṣán lè gòkè ní ìgbà 12, ínṣì 9 lẹ́ẹ̀kan, kí ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ínṣì 5 àti ààbọ̀. Kò ní í nà ju bí ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ. Bí èkíní bá fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 3, tí èkejì sì fẹ̀ ní 2, àyè tí ẹ rí gbà yóò tó ibi tí a lè tẹ́ bẹ́ẹ̀dì 4 sí 6 sí. Èrè ni, n kò jiyàn. Nínú ilé kékeré, àyè bẹ́ẹ̀dì kan kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ àgbàlagbà gùn tó ínṣì 9 tàbí 10. Bí ìtẹ̀sẹ̀ bá jẹ́ ínṣì 5 àti ààbọ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ nìkan ni ó ń rí ibi dúró nígbà tí a bá ń gòkè. Bí a bá ń sọ̀kalẹ̀, gìgísẹ̀ nìkan ni ó wà lórí igi, ìyókù ń fì nínú afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn atukọ̀ fi ń kọjú sí àtẹ̀gùn ọkọ̀ ojú omi nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀kalẹ̀. Ohun tí ẹ̀rù ń bà ìyá mi kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ ogbó nìkan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀ pé ibi ìdúró kò tó.

Àwọn oníṣẹ́ igi wá ọgbọ́n sí èyí. Wọ́n ń gé ìtẹ̀sẹ̀ ní apá kan. Èkíní fẹ̀ ní ọ̀tún, ó tín-ín-rín ní òsì. Èkejì fẹ̀ ní òsì, ó tín-ín-rín ní ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ ni wọn ó ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀ títí dé òkè. Nítorí pé a ti gé igi tí ìbá dí ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ́wọ́ kúrò, ẹsẹ̀ ọ̀tún yóò tẹ́ gbalaja, ti òsì náà yóò sì rí bẹ́ẹ̀. Ènìyàn lè kọjú síwájú sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀. Mo ti gun irú rẹ̀, ọgbọ́n náà wù mí. Ṣùgbọ́n ó ní àléébù tí àwòrán kì í fi hàn: ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ẹ wo ọmọ ọdún méjì tí ó ń gun àtẹ̀gùn, ẹ wo arúgbó tí orúnkún ń dùn, ẹ wo aláboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Gbogbo wọn ni ó ń kó ẹsẹ̀ méjèèjì jọ sórí ìtẹ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó gbé ẹsẹ̀ lé òmíràn. Lórí àtẹ̀gùn tí a gé yìí, kò sí ibi tí wọn yóò kó o jọ sí. Ẹni tí ó bá sì fi ẹsẹ̀ òdì bẹ̀rẹ̀, ó ti ṣìnà láti ìsàlẹ̀.

Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń sọ àjà ilé di yàrá, mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Òfin ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fẹ́ kí àtẹ̀gùn inú ilé dúró ju dígírì 42 lọ. Èyí tí a gé ní apá kan yìí, àjà nìkan ni wọ́n gbà á láàyè fún, nígbà tí kò bá sí àyè fún àtẹ̀gùn gidi, yàrá kan ṣoṣo ni ó sì gbọdọ̀ gbé ènìyàn lọ. Ilé ìwẹ̀ lè wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú yàrá náà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo tí ilé ní wà. Ìdìmú gbọdọ̀ wà ní ọ̀tún àti ní òsì, ojú igi kò sì gbọdọ̀ máa yọ̀. Ẹ rí i pé wọn kò kà á sí àtẹ̀gùn tí ìdílé yóò máa gbà ní gbogbo ọjọ́.

Bí ó ti rí fún ẹsẹ̀ ni ó rí fún ẹrù. Ní Amsterdam, ní ilẹ̀ Hóláńdì, àwọn ilé àtijọ́ tí ó wà ní etí odò tóóró, wọ́n sì ga, àtẹ̀gùn wọn sì dúró ṣánṣán. Bẹ́ẹ̀dì kò lè gba ibẹ̀, àpótí aṣọ kò lè gba ibẹ̀. Igi kan yọ síta ní góńgó ilé pẹ̀lú ìkọ́, okùn ni wọ́n fi ń fa ẹrù sókè gba ojú fèrèsé. Bàbá, ṣé ẹ ti ya ìkọ́ sí àwòrán tiyín? Mo sì tún ní ìbéèrè kan tí n kò fẹ́ bi yín, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mi ni ó mú un wá. Bí ara ẹnìkan kò bá yá lókè, tí kò lè fẹsẹ̀ rìn, ibo ni ẹ ó gbà gbé e? Mo ti bá wọn gbé òkú sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Pósí ìgbókùú kò lè yí níbẹ̀. Aṣọ ni a fi so olóògbé mọ́ra, ojú àwọn ọmọ rẹ̀ sì ń wò wá. N kò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ́ irú àtẹ̀gùn yìí rárá. Ilé kékeré inú igbó tí ọ̀dọ́ méjì ń lọ sinmi, tí pẹpẹ ìsùn wà lókè. Àjà tí a ń kó ẹrù sí. Ibi tí ènìyàn ń lọ lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo: ó yẹ ibẹ̀, ó tilẹ̀ yẹ ẹ́ gan-an. Àtẹ̀gùn tí ìyá ilé ń gùn ní ìgbà 23 ni mo ń sọ.

Àwọn ará Japan ní ọgbọ́n mìíràn láti ìgbà àtijọ́. Wọ́n ń kan àtẹ̀gùn bí àpótí, dúrọ́ọ̀ àti kọ́ńbọ́ọ̀dù ni abẹ́ ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwọn àtijọ́ wọ̀nyẹn dúró ṣánṣán díẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n abẹ́ rẹ̀ ni mo mú. Mo tú àtẹ̀gùn mi, mo ṣe èyí tí ó lọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tí ó yà ní ìdajì ọ̀nà. Abẹ́ rẹ̀ ni àpò ẹ̀lùbọ́ wà nísinsìnyí, ibẹ̀ ni ìkòkò ńlá wà, ibẹ̀ ni bàtà ọmọ wà, àga mẹ́ta tí kò nílò láti wà ní pálọ̀ sì kúrò. Èyí àtijọ́, mo gbé e sí ẹ̀yìn; òun ni mo fi ń gun àjà tí àwọn ìwé kéwú mi wà. Èmi nìkan ni mo ń gùn ún. Ìyá mi ti wá kí wa ní ìgbà púpọ̀ lẹ́yìn náà, ó gòkè, ó sì sọ̀kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, Bàbá, kí ẹ tó pe káfíńtà, ẹ wá àkàbà tí ó lágbára, ẹ fi ti ògiri kí orí rẹ̀ ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9, kí ìdí rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà 5. Kí ọkùnrin méjì di ìdí rẹ̀ mú. Ẹ ró ìró Màmá, ẹ pọn ìrọ̀rí sẹ́yìn, ẹ gbé garawa omi tí ó kún dé ìdajì lọ́wọ́ kan, kí ẹ gòkè kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀. Ìgbà 23 pọ̀ jù fún yín; ẹ ṣe é ní ìgbà 5. Bí ó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ kọ́ ọ. Bí kò bá rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ kọ̀wé sí mi, n ó fi ìwọ̀n àtẹ̀gùn mi kejì ránṣẹ́ sí yín.