Ìkòkò Kan Tó fún Ilé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ojoojúmọ́ ni mo ń rí yín bí ẹ ti ń ti Èkó bọ̀ ní Ìkòròdú, tí ẹ ń tò síwájú búkà, tí ìkòkò ilé sì dorí kodò. Ẹ ní kò sí àyè láti dáná. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ewùrà kan àti ìwọ̀nba ẹja yíyan láti ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ tó ṣe ìkọ́kọrẹ́ fún gbogbo ilé. Inú ìkòkò kan náà ni ọbẹ̀ àti òkèlè wà; kò béèrè ẹran.

Kí ẹnìkan máa rin ewùrà, kí ẹlòmíràn gbé ata, epo pupa àti edé kaná. Bí ọbẹ̀ bá hó, ẹ bu ewùrà rírin náà sínú rẹ̀ ní ṣíṣù-ṣíṣù, ẹ dín iná kù, ẹ dé e. Ẹ má tètè rò ó o, àwọn ìyá wa kì í dárí èyí jini! Bí a bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn Mọ̀gàríbì, ó lè jinná kí a tó pe ìrun Ìṣáì.

Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ni kí ẹ rin ewùrà náà. Ìyàwó yín náà ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ànábì wa pàápàá a máa bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ilé. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ẹ̀bà tútù jẹ ẹ́ láàárọ̀.