Ta Ló Di Ojú Tẹlifíṣọ̀n Ìpínlẹ̀ Wa?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó wà lórí àlééfà kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá sílẹ̀, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ eré ni. Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n ni. A ò sọ ti bọ́ọ̀lù, a ò sì sọ ti fíìmù. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi owó ará ìlú dá sílẹ̀ là ń wí, èyí tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ni owó náà kì í rí wò.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún kan tó ń ṣe mẹkáníìkì ní Mushin. Ìlá ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìdìbò. Bí ọjọ́ ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, á wọ mọ́tò lọ sílé. Ìlá ni ìyá rẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ ló ti ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá tan tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ ní Mushin, gómìnà Èkó ló máa rí. Á rí ìròyìn Lọ́ńdọ̀n, á rí ogun ní ilẹ̀ òkèèrè, á rí bọ́ọ̀lù Spéènì. Ohun tí àwọn aṣòfin sọ ní Òṣogbo lórí owó ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Kò ní rí i, àfi bí dìkódà tó rà bá gbé ìkànnì ìpínlẹ̀ rẹ̀, àti bí owó oṣù bá wà lórí rẹ̀. Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa fi dìbò? Ohun tí wọ́n bá sọ fún un nínú mọ́tò náà ni.

Ti ẹni yẹn tilẹ̀ sàn, ó ti kúrò ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Àgbẹ̀ tó wà ní Ṣakí kò kúrò níbì kankan. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wà, ṣùgbọ́n Ìbàdàn jìnnà sí i ju 150 kìlómítà lọ. Ìgbì tẹlifíṣọ̀n kì í wọ́ káàkiri bíi ti àwọn rédíò kan. Tààrà ló ń lọ. Òkè lè dí i, àní bí ilẹ̀ ayé ṣe tẹ̀ kọrọdọ pàápàá ń dí i. Bó ti wù kí òpó ilé iṣẹ́ ga tó, ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí wọ́n bá fẹ́ kó dé ọ̀nà jíjìn, wọ́n ní láti ri òpó mìíràn mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, kí wọ́n sì máa ra dísù sí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ dísù ṣe rí nílẹ̀ yìí.

Ibẹ̀ ni sátẹ́láìtì ti wúlò. Ẹ̀rọ náà wà lókè, ó tó bíi 36,000 kìlómítà sílẹ̀, ó sì ń bá ayé yí dọ́gba, tó fi jẹ́ pé lójú wa ńṣe ló dúró sójú kan. Bí ìkànnì kan bá ti dé orí rẹ̀, Ṣakí ń gbà á, Kàbà ń gbà á, Sókótó ń gbà á, owó kan náà ni. Kì í ṣe pé ẹni tó jìnnà ń ná ilé iṣẹ́ ní owó ju ẹni tó wà nítòsí lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé jíjìn ló fà á, ẹ bi í ní ìbéèrè kejì.

Àwọn kan á ní òfin ni kò gbà á. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òótọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè náà sí ọjà tẹlifíṣọ̀n 210, ìkànnì ìlú kan kò sì lè ṣàdédé wọ ọjà ìlú mìíràn. Ní 1988 wọ́n ṣe òfin pé ẹni tí àǹtẹ́nà orí òrùlé rẹ̀ kò bá mú àwọn ìkànnì ńláńlá bíi CBS àti ABC nìkan ni ilé iṣẹ́ sátẹ́láìtì lè gbé wọn fún láti ọ̀nà jíjìn. Ìpolówó ọjà ni wọ́n ń dáàbò bò: wọn ò fẹ́ kí ilé iṣẹ́ ìlú ńlá wá gba oníbàárà ilé iṣẹ́ ìlú kékeré. Ní 2019 wọ́n tún fún okùn náà le sí i. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ohun kan tó wù wá. Nínú òfin 1999, wọ́n ní ilé iṣẹ́ sátẹ́láìtì tó bá fi òfin náà gbé ìkànnì kan ní àdúgbò kan gbọ́dọ̀ gbé gbogbo ìyókù tó bá bèèrè ní àdúgbò náà. Kò gbọdọ̀ ṣa ẹran jẹ kó fi egungun sílẹ̀.

Nílẹ̀ tiwa, ta ló pín ọjà? LTV tí í ṣe ti ìpínlẹ̀ Èkó ti bọ́ sórí DStv, kò sì sí ọlọ́pàá tó mú ẹni tó ń wò ó ní Kánò. Bí ìkànnì ìpínlẹ̀ kan bá lè dé ibẹ̀, ó yẹ kí gbogbo wọn lè dé ibẹ̀. Oníṣòwò tó polówó aṣọ òkè ní Ẹdẹ kò pàdánù nǹkan kan bí ọmọ Ẹdẹ tó wà ní Ajégúnlẹ̀ bá rí ìpolówó náà. Owó ló tilẹ̀ máa fi rí. Ohun tó dí ojú tẹlifíṣọ̀n wa ni pé owó ni ìpínlẹ̀ máa fi gba àyè lókè, ilé iṣẹ́ tó ń ta dìkódà ló sì ń yan ẹni tó wù ú.

Mẹ̀kúnnù náà tún máa sanwó ní ìsàlẹ̀. Ní oṣù March 2025, DStv gbé owó oṣù ìpele tó ga jù lọ sí ₦44,500. Owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù tí ìjọba fi òfin gbé kalẹ̀ ní 2024 jẹ́ ₦70,000. Ẹ fi ọ̀kan yọ nínú èkejì, kí ẹ wo ohun tó kù fún gàrí. Ìpele tó kéré jù jẹ́ ₦4,400 nígbà náà. Ìyẹn náà kì í ṣe owó kékeré fún ẹni tí kò fẹ́ ju kó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nílé lọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń tà fún un.

Ẹ rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní 1953, Sir John Macpherson tí í ṣe gómìnà òyìnbó bọ́ sórí rédíò ìjọba, ó sọ̀rọ̀ tako Action Group. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n fún òun láyè kí òun fèsì, wọ́n kọ̀. Nígbà tó di 31 oṣù October 1959, tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ní 1977 àwọn ológun fi òfin kó tẹlifíṣọ̀n gbogbo ìpínlẹ̀ sábẹ́ NTA. Nígbà tí alágbádá padà dé, Alhaji Lateef Jakande dá ti Èkó sílẹ̀ ní oṣù November 1980. Ẹni tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dù ló mọ iyì ẹnu tirẹ̀.

Ṣé ká wá gbé irú tẹlifíṣọ̀n tó wà nílẹ̀ yìí lọ sókè, kí gbogbo ayé máa wo gómìnà tó ń já ríbọ́ọ̀nù láti àárọ̀ dalẹ́? Rárá o. Abala 95 nínú òfin ìdìbò tí wọ́n ṣe ní 2022 sọ ọ́ kedere nígbà náà pé ilé iṣẹ́ ìròyìn ìjọba gbọ́dọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ ní àkókò kan náà, wọ́n sì fi owó ìtanràn síbẹ̀, ₦2,000,000 lákọ̀ọ́kọ́, ₦5,000,000 bí wọ́n bá tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ rí ìpolongo 2023, ẹ fi ojú ara yín wò ó bóyá wọ́n pa á mọ́. A ò ní tàn yín: bí wọ́n bá gbé kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ náà lé ẹgbẹ́ tiwa pàápàá lọ́wọ́ láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wa, ojú ọ̀gá wa náà lẹ máa rí.

Ìdí nìyẹn tí a fi so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Bí ẹ bá fi ìbò yín gbé wa wọlé, a óò gba àyè fún ìkànnì ìpínlẹ̀ lórí sátẹ́láìtì tí ẹnikẹ́ni tó bá ní díìṣì lè fi gbà á láìsan kọ́bọ̀ lóṣù. Àwọn aṣòfin wa ní Àbújá á sì gbé àbá lọ pé ilé iṣẹ́ dìkódà tó bá gbé ìkànnì ìpínlẹ̀ kan gbọ́dọ̀ gbé ti gbogbo ìpínlẹ̀, ní ìpele tó rẹlẹ̀ jù. Ìjókòó ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin yóò máa hàn níbẹ̀ láìgé e, àti ti ọjọ́ tí wọ́n bá ń ka ìṣúná owó, àti ti ọjọ́ tí alátakò bá ń bú wa.

Àwọn tó wà lóde náà á tó dé ọ̀dọ̀ yín pẹ̀lú ìrẹsì àti àǹkárá. Ẹ gbà á bó bá wù yín. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n wọ mọ́tò padà, ẹ ní kí wọ́n tan tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ fún yín wò níbi tí ẹ wà.