Àkàrà Òyìnbó Inú Páálí: A Ṣi Ẹjọ́ Dá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ gbẹnu sọ fún páálí tí kò lẹ́nu.

Níbi àpèjẹ ìparí ọdún tí ẹgbẹ́ wa ṣe kọjá, ọ̀kan nínú àwọn arábìnrin wa fi owó ara rẹ̀ ra ìyẹ̀fun àkàrà òyìnbó, irú èyí tí wọ́n ti po ṣúgà mọ́ láti ilé-iṣẹ́, tí wọ́n ń tà nínú páálí. Ó ṣe é bí wọ́n ti kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí, ó yan án, ó gbé e wá fún wa. Kéèkì náà gbẹ. N kò ní parọ́: ẹni tó bù ú jẹ ń wá omi kiri ni. Ohun tó dùn mí ni ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan sọ láàárín agbo, pé oúnjẹ tí òyìnbó bá ti bá ọ̀lẹ pò sílẹ̀ kò lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, èmi náà rín in. Arábìnrin náà dákẹ́, ó ń kó àwo. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ sọ ọ́ gbangba fún ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pé a ṣi ẹjọ́ dá.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ kúrò ńlẹ̀. Èlùbọ́ tí à ń rà lọ́jà, ta ni nínú wa ló bó iṣu rẹ̀?

Páálí yìí kì í ṣe ọmọ àná. Ilé-iṣẹ́ P. Duff and Sons ní ìlú Pittsburgh, ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é. John D. Duff gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí irú ìyẹ̀fun bẹ́ẹ̀ ní 1933. Wọ́n ti gbẹ ẹyin, wọ́n ti lọ̀ ọ́ mọ́ ọn, omi nìkan ló kù. Ní 1935 ó tún gba òmíràn tí ẹyin gbígbẹ kò sí nínú rẹ̀, nítorí ó ti wòye pé ó wu àwọn ìyàwó ilé kí wọ́n fi ẹyin tútù sí i fúnra wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé Ernest Dichter, onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, ló kọ́kọ́ dá ìmọ̀ràn yẹn lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ìtàn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n Duff ti ṣáájú. Ohun tó kàn wá níbẹ̀ ni pé ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe é ti fi àyè sílẹ̀ fún ọwọ́ ẹni tó ń dáná. Ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn páálí, ìwọ̀nba tí kò ní jẹ́ kí ó bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni.

Kí ni wọ́n sábà máa ń ní kí á fi sí i? Omi ife kan, òróró bí ìdajì ife, ẹyin mẹ́ta. Omi kò lọ́ràá, kò ládùn. Bí a bá fi mílíìkì rọ́pò rẹ̀, ìbáà ṣe ti inú agolo tí a fi omi là, ọ̀ràn ti yí padà. Bí a bá tún fi pupa ẹyin kan kún ẹyin mẹ́ta náà, ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pupa ẹyin lọ́ràá, ó sì ní ohun tí í mú kí òróró àti omi gbé pọ̀ láìjà. Kí á yọ funfun rẹ̀ sọ́tọ̀, torí pé òun a máa mú kéèkì gan. Yọ́gọ́ọ̀tì tó ki, síbí mẹ́rin, kò burú. Àwọn kan ní bọ́tà ni kí á fi dípò òróró. Ní tèmi, n kò gbà. Òórùn bọ́tà dára, ṣùgbọ́n ó máa ń dì bí kéèkì bá ti tutù. Òróró kì í dì. Ìyá tó ń se mọ́ínmọ́ín ti mọ èyí tipẹ́.

Ṣùgbọ́n kí á ṣọ́ra. Páálí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 517 ni àwọn ìwé ìdáná àtijọ́ ní lọ́kàn. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà ti bù ú kù sí 432, àwọn mìíràn tilẹ̀ kéré sí i. Ẹni tó bá da ẹ̀kún ti àtijọ́ sínú páálí tòde òní, kéèkì rẹ̀ yóò rin gbindin, àárín rẹ̀ yóò sì rì.

Ọ̀rọ̀ lílù náà wà níbẹ̀. Àkàrà ẹ̀wà ti mọ́ wa lára, èyí tí a máa ń lù títí yóò fi fúyẹ́, a sì ń lu kéèkì bákan náà. Ẹ̀wà kò ní ohun tí àlìkámà ní. Bí ìyẹ̀fun àlìkámà bá ti pàdé omi, bí a bá ṣe ń pò ó tó ni yóò ṣe máa yi tó. Ẹ wo búrẹ́dì Agége: pípò àti fífi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ ló jẹ́ kí ó máa fà lẹ́nu. Ẹwà búrẹ́dì nìyẹn, àbùkù kéèkì ni. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ pò ó, bí kò bá ti rí ìyẹ̀fun gbígbẹ mọ́, kí ó dáwọ́ dúró.

Iná ni ọ̀daràn gan-an. Mo bi arábìnrin wa léèrè bí ó ti ṣe é. Ìkòkò oníyanrìn ló lò lórí sítóòfù, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko kí inú rẹ̀ má baà jẹ́ tútù. Ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sí páálí, ti ààrò tí ooru rẹ̀ jẹ́ 177 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì ni. Ta ló mọ iye ooru tó wà nínú yanrìn? Ìtayín la fi ń mọ̀ ọ́n. Kí á tì í bọ àárín kéèkì láìdúró de àkókò. Bí ó bá jáde pẹ̀lú èérún díẹ̀ tó ṣì tutù, kí á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ooru inú rẹ̀ yóò parí iṣẹ́ yòókù.

Ó tún gbé e sínú fíríìjì mọ́jú. Fíríìjì a máa mú ìyẹ̀fun tó ti jinná le kíákíá, bí ó ti ń ṣe búrẹ́dì. Ì bá ti se ṣúgà àti omi tó dọ́gba, kí ó ta á sí i lára nígbà tó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ó sì fi láílọ́ọ̀nù wé e.

Àpèjẹ tọdún yìí ń bọ̀. Mo ti bẹ arábìnrin wa pé kí ó tún un ṣe. Ó ní òun yóò rò ó. Mo ní èmi ni n ó ra ẹyin àti mílíìkì, ẹni tó sọ̀rọ̀ láàárín agbo ni yóò sì jókòó ti ìkòkò.