Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí wá ni a wò kí a tó sọ ibùdókọ̀ kan ní Alímọ̀ṣọ́, lójú òpópónà Èkó sí Abẹ́òkúta, ní Pleasure? Fàájì ni orúkọ náà túmọ̀ sí, ṣùgbọ́n ariwo ọkọ̀ àti ti ọjà ni yóò kí ẹni tí ó bá sọ̀ níbẹ̀ káàbọ̀.

Èrò tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń bá jà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń ṣètò ibi ìgbafẹ́ gbà pé torí àlejò tí yóò ná dọ́là ni a ṣe ń tún ojúbọ ìtàn ṣe. Bí a bá ti ní ìtàn ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Àgbádárìgì tí ó wà létí òkun ni ọkàn wọn ń lọ. N kò bu Àgbádárìgì kù. Ibẹ̀ ni Thomas Birch Freeman ti wàásù ní 1842. Ibẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì parí ní 1845 wà. Láti ibẹ̀ ni a ti ń sọdá ọ̀sà lọ sí Gberefu, ojú ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà lọ láìpadà.

Ṣùgbọ́n ìtàn wà nítòsí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Orí ilẹ̀ Àwórì ni Pleasure wà. Àwọn Àwórì sọ pé Ògúnfúnminíre tẹ̀ lé àwo tí ó léfòó lórí omi, títí àwo fi rì ní Ìṣẹ̀rí, tí orúkọ wọn sì ti ibẹ̀ wá. Ìṣẹ̀rí-Olófin wà ní Alímọ̀ṣọ́ títí di òní. Ọ̀pọ̀ ará Alímọ̀ṣọ́ kì í ṣe Àwórì. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí ó fi yẹ kí wọ́n mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀.

Wọn á ní oúnjẹ ni tálákà ń wá, kì í ṣe ìgbafẹ́. N kò gbà. Àwọn bàbá wa kò ya ìtàn kúrò lára ìgbádùn: nínú ọdún eégún, nínú oríkì, nínú àlọ́ abẹ́ òṣùpá, ẹ̀rín àti ẹ̀kọ́ jọ ń rìn ni. Ìkànìyàn 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba Èkó tilẹ̀ ní wọ́n lé ní mílíọ̀nù méjì. Irú èrò bẹ́ẹ̀ kò ha nílò ibi tí wọn yóò ti na ẹsẹ̀, tí àgbà yóò ti sọ̀rọ̀, tí ọmọdé yóò ti gbọ́?

Ohun tí mo ń bèèrè kò pọ̀. Kí a dá ilẹ̀ díẹ̀ sí ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan kí a tó fi ṣọ́ọ̀bù kún un tán. Kí a gbin igi síbẹ̀, kí a gbé ìjókòó síbẹ̀, kí a sì kọ ìtàn ibẹ̀ sára òkúta lédè Yorùbá. Kí àwọn olùkọ́ mú àwọn ọmọ lọ sí Ìṣẹ̀rí, lẹ́yìn náà kí wọ́n mú wọn lọ sí Àgbádárìgì.

Àlejò ń bọ̀ wá. Bí ó bá bi wá pé ilẹ̀ ta ni òun dúró lé, kí ni a ó wí?