Kí A Tó Ri Páìpù Mọ́lẹ̀ ní Àìlégún

Èkó Àkéte, ilé ọgbọ́n, Èkó arómisá lẹ̀gbẹ̀-lẹ̀gbẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe ń ki ìlú yìí, kò sì sí ẹni tí yóò bá wọn jiyàn pé omi pọ̀ níbẹ̀, nítorí ọ̀sà ni iwájú rẹ̀, ọ̀sà ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, àbàtà ni ó sì pọ̀ nínú ilẹ̀ tí a kọ́ ilé lé lórí. Ṣùgbọ́n omi kan wà tí kò sí nínú oríkì, èyí tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ kí a dárúkọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ: omi tí a fi wẹ̀, tí a fi fọṣọ, tí a fi ṣan ilé ìgbẹ́, tí ó kúrò lọ́dọ̀ wa láàárọ̀ tí a kò sì bi í léèrè ibi tí ó ń lọ. Ọ̀rọ̀ omi yẹn ni mo fẹ́ sọ, láti ìhà Àìlégún ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, níbi tí ojúlé kọ̀ọ̀kan ti ní sókàwéè tirẹ̀ fún omi ilé ìgbẹ́ nínú ọgbà, tí omi ìwẹ̀ àti omi ọṣẹ sì ń gba ojú gọ́tà kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

Ètò náà a máa gbé àwọn ará àdúgbò náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá dé, tí omi abẹ́ ilẹ̀ bá gbéra sókè, sókàwéè kò ní ibi tí yóò tu omi rẹ̀ sí mọ́. Ọkọ̀ tí ń fa ìgbẹ́ yóò fà á lónìí, yóò tún kún kí ọjọ́ tó lọ títí. Ẹlòmíràn tí kò sì lówó ọkọ̀ yóò dúró de òjò ńlá, yóò ṣí tirẹ̀ sí ojú gọ́tà lóru, yóò sì wọlé lọ sùn. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá, nítorí kànga tí a fi ẹ̀rọ gbẹ́, tí a ń fa omi rẹ̀ mu, kò jìnnà sí sókàwéè wọ̀nyẹn.

Gọ́tà a máa lọ sí kánáàlì, kánáàlì Òkè-Àfá kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti gbọ́njú ní ọdún 2002. Ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún náà, nígbà tí àwọn ohun ìjà tí a kó pamọ́ sí bárékè àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí bú gbàù, tí èrò ń sá kiri nínú òkùnkùn láìmọ ibi tí ikú ti ń bọ̀, ènìyàn tí ó lé ní 1,000 ni ó ṣòfò ẹ̀mí, inú kánáàlì yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú sí, tọmọ tìyá. Ewéko ti bo ojú omi náà. Àwọn tí ń sá bọ̀ kò mọ̀ pé kì í ṣe ilẹ̀. N kò mú ìtàn yìí wá láti tún ojú egbò ṣí. Irú ewéko bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé gbilẹ̀ lójú omi. Ìdọ̀tí ilé àti ìgbẹ́ tí ń ṣàn wọ inú rẹ̀ ni ajílẹ̀ tí ń bọ́ ọ.

Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ́fíìsì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àbójútó omi ìdọ̀tí, ibi tí a ti ń sọ omi bẹ́ẹ̀ di mímọ́ sì wà ní Aláúsá, ní Abẹ́sàn, ní Ìpọ́nrí, àti ní Òkè-Àfá kan náà, èyí tí ó wà fún àwọn ilé tí ìjọba Lateef Jakande, gómìnà tí ó wà lórí oyè láti 1979 sí 1983, kọ́ fún mẹ̀kúnnù. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìlú kò sí lórí páìpù omi ìdọ̀tí kankan. Lọ́jọ́ kan, a ó ri páìpù mọ́lẹ̀ dé Àìlégún. Ohun tí mo ní í sọ ni pé kí a ti wọn omi kí ọjọ́ yẹn tó dé, nítorí páìpù tí a fi àbá lásán yà yóò ná wa lówó lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí a bá ń rì í, àti nígbà tí a bá ń hú u.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ a máa ya gbogbo páìpù ìlú sínú kọ̀ǹpútà kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀: bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti fẹ̀ tó, bí ó ti dagẹ̀rẹ̀ tó, bóyá inú rẹ̀ dán tàbí ó rí ṣákaṣàka, iye ènìyàn tí yóò da omi sí i, àti òjò tí yóò yọ́ wọlé láti ibi tí ó ti sán. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fi ìṣirò rọ òjò lé e lórí, wọn yóò sì máa wo ibi tí omi yóò ti yọ jáde. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń tẹ̀ lé, ará Ireland kan, Robert Manning, ni ó gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1889, ìlànà náà ni ó sì fi hàn wá pé bí a bá sọ fífẹ̀ páìpù di ìlọ́po méjì láìyí ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀ padà, omi tí yóò gbé kì í ṣe ìlọ́po méjì bí ojú ti rò, bí kò ṣe ìlọ́po mẹ́fà ó lé. Ẹni tí ó bá ṣì í díẹ̀ nínú fífẹ̀ páìpù, ó ti ṣì í púpọ̀ nínú omi. Bí ó bá kéré jù, ìgbẹ́ yóò ru jáde lójú pópó. Bí ó bá tóbi jù, omi yóò máa fà nílẹ̀ bí arúgbó tí ó ń bọ̀ láti oko, iyanrìn àti ọ̀rá yóò sì jókòó sí ìsàlẹ̀, nítorí omi ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ sáré tó nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan kí ó tó lè fọ ọ̀nà ara rẹ̀ mọ́. Àwọn tí ń sọ pé kí a kàn ra èyí tí ó tóbi jù lọ kí a sì sinmi kò tíì bá omi rìn.

Kì í ṣe irinṣẹ́ ni ó wọ́n wa. Láti ọdún 1971 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti ní ètò kọ̀ǹpútà kan fún irú ìṣirò yìí, tí wọ́n ń pè ní SWMM, ọ̀fẹ́ sì ni fún gbogbo ayé; akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó ní Akoka lè gbà á sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lálẹ́ òní. Ohun tí kò lè rí gbà níbikíbi ni iye omi Àìlégún. Mélòó tilẹ̀ ni wá? Ìkànìyàn ọdún 2006 tí ìjọba àpapọ̀ ṣe sọ pé ènìyàn 621,509 ni ó wà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀. Èyí tí ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ kà lọ́dún kan náà lé ní 1,100,000. Ẹni tí ó bá fi ti àkọ́kọ́ ya páìpù àti ẹni tí ó bá fi ti èkejì yà á, kì í ṣe ìlú kan náà ni wọ́n ń kọ́. Láti ìgbà náà wá, bọ́ńgálò ń di ilé alájà mẹ́ta, bọ́ìsì kọ́tà ń di ṣọ́ọ̀bù. Ní ìlú mìíràn, wọn a wo mítà omi ẹ̀rọ láti mọ ohun tí ilé kan ń dà nù. Àwa tí onílé kọ̀ọ̀kan gbẹ́ kànga tirẹ̀, mítà ta ni a ó wò?

Òjò ń kọ́? Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Èyí tí ó rọ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2011 lé ní 200 mìlímítà láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo. Àjọ NiMet tí ń ṣàkíyèsí ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà ní ibùdó tí wọ́n ti ń wọn òjò ní Òṣòdì, ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ̀ pé òjò lè pa ará Òṣòdì kí ilẹ̀ Ìsọlọ̀ sì gbẹ. Mo sì mọ àwa ará Èkó: ọjọ́ tí páìpù ìdọ̀tí bá dé ẹnu ọ̀nà wa ni a ó darí omi òrùlé sínú rẹ̀, kí ọgbà wa lè gbẹ. Ẹni tí kò bá ka ìyẹn mọ́ ìṣirò rẹ̀ kò tíì ya àwòrán Èkó.

Àwọn kan yóò ní kí a fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, kí a kọ́kọ́ gbẹ́ gọ́tà. Kí a gbẹ́ ẹ ni, ṣùgbọ́n gọ́tà tí a fẹ̀ lójú ní Àìlégún yóò kàn mú omi tètè bá àwọn ará ìsàlẹ̀ ni, wọn yóò sì máa jẹ ìyà tiwa. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè: ní London, àwọn aṣòfin kò fi bẹ́ẹ̀ ka ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí sí títí di ọdún 1858 tí òórùn odò Thames bá wọn nínú ilé ìgbìmọ̀ (ó dà bí ẹni pé imú aṣòfin ni ó máa ń kọ́kọ́ gbọ́ràn), síbẹ̀ nígbà tí onímọ̀ ẹ̀rọ Joseph Bazalgette bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ páìpù ìdọ̀tí wọn, ó ka àwọn tí ó wà láàyè, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn tí a kò tíì bí.

Òkè-Àfá ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí páìpù ti wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀. Kí a fi ẹ̀rọ tí ń wọn ìṣàn omi sínú díẹ̀ nínú àwọn máńhóòlù rẹ̀ fún odidi ọdún kan, láti ọyẹ́ dé òjò àkọ́rọ̀ títí dé àrọ̀kúrò. Kí a gbé igbá ìwọn-òjò sí ilé-ìwé díẹ̀ láti Èjìgbò dé Ìsọlọ̀. Kí a sì pe àwọn ẹgbẹ́ onílé, tí wọ́n mọ gọ́tà tí í kọ́kọ́ kún àti ilé tí omi í kọ́kọ́ wọ̀, kí a fi ẹ̀rí wọn wé ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ, kí a sì tún ìṣirò náà ṣe títí àwọn méjèèjì yóò fi bára mu. Ìgbà ara là á búra, ẹnìkan kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn: inú ẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wọ̀nyí sílẹ̀, kí àkọ́rọ̀ tó dé. Kí a sì tẹ ìwọ̀n tí a bá rí jáde ní gbangba, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Akoka àti ti Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Yábàá lè ṣírò tiwọn, kí wọ́n sì sọ fún ìjọba, bí ó bá yẹ, ibi tí ó ti ṣì í.