Ọjà Tí A Rà Tí Kò Di Tiwa

Àwọn àgbà ní aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹ ni; bí kò bá fún ni lọ́rùn, á ṣò ní apá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, kí wá ni ká wí nípa aṣọ tí ènìyàn fi owó ara rẹ̀ rà, tí ẹni tó tà á tún wá bọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìlú Ọba gan-an nìyẹn.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ẹ̀ka tó ń bá BBC ṣòwò ṣí ìsọ̀ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pè é ní BBC Store. Àwọn eré tẹlifíṣàn tó ti pẹ́ nínú àká wọn ni wọ́n kó jáde. Ènìyàn á san owó lẹ́ẹ̀kan, á sì máa wo eré rẹ̀ nígbàkígbà tó bá wù ú. Wọn kò pè é ní yíyá o, rírà ni wọ́n pè é. Kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n fi kéde, ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, pé àwọn fẹ́ kógbá sílé. Wọ́n ní ọjà kò tà tó bí àwọn ti rò, pé ọ̀dọ̀ àwọn bíi Netflix àti Amazon ni àwọn òǹwòran ń gbà lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún náà, ilẹ̀kùn tì.

A kò ní purọ́ mọ́ wọn: wọ́n dá owó padà. Àwọn kan láàárín wa tiẹ̀ bi wá pé, ẹjọ́ kí wá ni ẹ̀ ń rò? Ẹ jẹ́ ká sọ ti eré kan. Ní ọdún 1966, BBC ṣe eré Doctor Who kan tó ní apá mẹ́fà, The Power of the Daleks. Nígbà tó yá, àwọn fúnra wọn pa á rẹ́ kúrò lórí téèpù. Ohùn rẹ̀ nìkan ló kù lódindi, nítorí pé àwọn òǹwòran kan ti fi ẹ̀rọ gbà á sílẹ̀ nínú ilé wọn. Ní ọdún 2016, nígbà tó pé àádọ́ta ọdún, wọ́n ya àwòrán bíi ti kátúùnù sí ohùn yẹn. BBC Store yìí náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á! Lẹ́yìn náà ló jáde lórí àwo DVD. Ẹni tó ra àwo, tirẹ̀ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹni tó rà á ní ìsọ̀, owó ló gbà.

Ẹ ṣàkíyèsí ẹni tó gba eré náà là. Kì í ṣe ẹni tó ni ín.

Ìbàdàn ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, nítorí náà tẹlifíṣàn kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wa. Síbẹ̀, àwa tí a jìnnà sílé níbí, orí fóònù ni gbogbo eré Yorùbá tí à ń wò wà (owó dátà nìkan tó ìyà). Kásẹ́ẹ̀tì àwọn òbí wa sì ń gba eruku lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. À ń bẹ yín, bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, kí kálukú mú ẹyọ kan bọ̀ fún yàrá ìkàwé ẹgbẹ́. Ẹni tí ẹ̀rọ fídíò bàbá rẹ̀ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, kó jọ̀wọ́ yọjú sí akọ̀wé kíákíá.